Ọmọ wa tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ akunnilóorun: ẹ jẹ́ ká bá a yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò bí a ti ń yẹ ọjà wò

Ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù àti gbígbá ọjà ti pọ̀ nínú ìwé wa yìí, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti di nọ́ọ̀sì la gbé wá, àwọn tó ń sọ pé àwọn fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun èèyàn lóorun kí dókítà tó fi abẹ kàn án.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹyọ ní ìpàdé wa. Ìyá kan á ní ọmọ òun fẹ́ lọ. Kíá, ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í ho. Ẹnìkan á ní, "Ṣé kò tíì ṣe nọ́ọ̀sì tán ni?" Òmíràn á ní, "Oṣù 18 mìíràn? Ọkọ ńkọ́? Ọmọ bíbí ńkọ́?" Òmíràn á tún ní, "Iṣẹ́ ká gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kó sùn, kí ló wà nínú ìyẹn tí wọ́n ń lọ ilé ìwé sí?"

Èrò tiwa rèé, a ò fi bò. Ó yẹ kí á ti ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Àmọ́ kí á má kàn ti owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó máa lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ wọ̀, kí á bá a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ọjà wò. Ibi tí yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà lọ́pọ̀ ìgbà, tí ọ̀gá yóò sì dúró tì í, ibẹ̀ ni kó lọ, ì báà jẹ́ ìlú tí a ò ti mọ ẹnikẹ́ni. Orúkọ ńlá kọ́ ló ń kọ́ni níṣẹ́, ìtòsí ilé náà kọ́.

IṢẸ́ NÁÀ JU ABẸ́RẸ́ LỌ

Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ gé ẹsẹ̀ tó ti bàjẹ́, àwọn alágbára ọkùnrin ló ń di aláìsàn mọ́lẹ̀, tí á máa ké títí wọ́n á fi parí. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846 ni oníṣègùn eyín kan, William Morton, fi oògùn tí wọ́n ń pè ní ether kun ọkùnrin kan lóorun ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, lójú àwọn dókítà, tí wọ́n fi gé kókó tó wà lọ́rùn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ ti di ohun tí ara èèyàn lè gbà.

Kò pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi wọ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1906, nọ́ọ̀sì obìnrin kan tó ń jẹ́ Alice Magaw, tó ń bá àwọn dókítà Mayo ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé àwọn ti kun èèyàn tó lé ní 14,000 lóorun, oògùn oorun náà ò sì pa ẹyọ kan. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àṣà tuntun tí àwọn ọmọ ìsìnyí gbé dé ni, ẹ bá wa sọ fún un pé obìnrin ti ń ṣe é láti ìgbà tí àwọn ìyá ìyá wa ṣì jẹ́ ọmọdé.

Kí ni nọ́ọ̀sì yìí ń ṣe gan-an? Kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, òun ló máa béèrè lọ́wọ́ yín pé ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò lẹ́nu fún wákàtí 6 ó kéré tán, omi lásán fún wákàtí 2. Ìdí ni pé bí oorun náà bá mú èèyàn, oúnjẹ tó wà nínú ikùn lè gòkè wá kó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn sì lè pààyàn. Yóò béèrè bóyá ẹ ní ikọ́ efée, bóyá eyín yín kan jẹ́ àtọwọ́dá, oògùn wo lẹ̀ ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún un o. Ẹni tó bèèrè náà ò fẹ́ bá yín jà, ó fẹ́ mọ ohun tó wà lára yín kó tó fi tiẹ̀ kún un ni.

Lẹ́yìn náà ló máa wá yan oògùn. Nígbà mìíràn, gbogbo ara ló ń kùn lóorun. Nígbà mìíràn, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni, tí ìdí dé ẹsẹ̀ á kú tipiri, tí ojú ìyá á là sílẹ̀, tí á sì gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Bí iṣẹ́ abẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, dókítà tẹjú mọ́ ibi tó ń là. Ta ló wá tẹjú mọ́ èèyàn fúnra rẹ̀? Òun náà ni. Ó ń wo èémí, ó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń wo ìfúnpá, ó ń wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há ìka, tó ń sọ bóyá afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan ló ní láti tún un ṣe. Kíkùn lóorun nìkan kọ́ niṣẹ́, jíjí lẹ́yìn rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

OHUN TÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀

Gbogbo wa la mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ọgbómọ̀ṣọ́, ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọjà wa ń gbà. A mọ iye ìgbà tí ọkọ̀ ti dà síbẹ̀. A sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí aboyún bá rọbí tí ọmọ ò wá. Dókítà lè wà nílé, abẹ lè wà, ẹ̀jẹ̀ lè wà. Bí kò bá sí ẹni tó máa kùn ún lóorun, ìwé ni wọ́n máa kọ pé ẹ gbé e lọ sí ibòmíràn. Láàárín òru. Ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Ní ọdún 2015, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ pé bílíọ̀nù 5 èèyàn láyé ni kò rí iṣẹ́ abẹ àti oògùn oorun tó dáa, tí agbára wọn sì ká, nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ wa náà ṣe ètò kan fún ọdún 2019 sí 2023 lórí iṣẹ́ abẹ, ìgbẹ̀bí, oògùn oorun àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìkan ò lè dá rìn láìsí èkejì.

A mọ̀ pé àwọn dókítà kan ní dókítà nìkan ló yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ yìí. A ò bá wọn jà. Dókítà tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ gan-an, òun ló sì yẹ kó wà nídìí iṣẹ́ abẹ tó bá le. Ṣùgbọ́n wọn ò tó nǹkan ní Nàìjíríà, ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn wà, àwọn mìíràn sì ti kọjá sí òkè òkun. Ní àwọn ọsibítù kéékèèké, nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ yìí lèèyàn sábà máa ń bá níbẹ̀ lóru. Ká ní dókítà, ká ní nọ́ọ̀sì, ìyẹn ló dáa jù. Ká má ní ìkankan ló burú.

Ọ̀NÀ TÍ ỌMỌ Ń GBÀ DÉBẸ̀

Ọ̀nà náà gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Níléèwé girama, kírédíìtì márùn-ún ló gbọ́dọ̀ ní: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàólójì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Èyí ló máa fi wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí yunifásítì bíi LAUTECH. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí, JAMB sì ti wọ ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé wọn. Bó bá yege, Nursing and Midwifery Council of Nigeria, tí a ó máa pè ní Kánsù, á forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, á sì fún un ní láísẹ́ńsì.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ ṣiṣẹ́ ná. Ilé ẹ̀kọ́ akunnilóorun kì í gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sábà ń béèrè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù. Ọmọ á lọ jókòó sí kíléníìkì kan tó jẹ́ pé oògùn ibà àti ti orí fífọ́ ni wọ́n ń pín níbẹ̀, ọdún méjì á kọjá, kò ní tíì wo inú tíátà rí. Kó wá ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. A ò jìnnà síbẹ̀. Ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ọgbómọ̀ṣọ́, tí àwọn míṣọ́nnárì dá iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1907, ló di Bowen University Teaching Hospital ní 2009. LAUTECH Teaching Hospital wà nílùú kan náà. State Hospital wà ní Ọ̀yọ́. UCH tí wọ́n ṣí ní 1957 wà ní Ìbàdàn. Níbikíbi tí wọ́n bá gbà á sí, kó bẹ ọ̀gá nọ́ọ̀sì pé kó fi òun sí tíátà, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tí àìsàn wọn le, tàbí ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí jàǹbá ṣe.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ oṣù 18. Ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tó ti ń kọ́ni. Ti Benin wà, ti Enugu náà wà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ KI ỌWỌ́ BỌ ÌSÀLẸ̀ ÀPÒ

Bí a bá fẹ́ ra ẹ̀wà ní àpò, ta ló ń wo ẹnu àpò nìkan nínú wa? Ọwọ́ la ń kì bọ ìsàlẹ̀, a ó bù ú jáde, a ó wò ó bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ọmọ ṣe sí ilé ẹ̀kọ́. Kó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó ra fọ́ọ̀mù, kó sì bá àwọn tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ohun tó yẹ kó béèrè rèé.

Èkíní, ṣé Kánsù ti fọwọ́ sí i, ṣé àṣẹ náà ṣì wà? Kánsù máa ń gbé orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí jáde. Àṣẹ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ti kásẹ̀ nílẹ̀. Bí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ò bá sí níbẹ̀, ẹ má dá owó.

Èkejì, iṣẹ́ abẹ mélòó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, irú wo sì ni? Kó jẹ́ pé ti aboyún wà, ti ìpákè wà, ti ọmọdé wà, ti jàǹbá ọkọ̀ tó ń dé lóru wà. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ níbi tí ọjà kò ti ń tà, owó ló mọ̀ ọ́n kà, kò mọ ọjà tà.

Ẹ̀kẹta, òun ni wàrà inú ọ̀rọ̀ yìí: ta ló máa di ohun èlò náà mú? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló ń dúró ti aláìsàn kan, tí ọ̀kan á ṣe é, tí márùn-ún á máa wòran. Kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ parí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà mélòó lẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣe é?" Bí onítọ̀hún bá ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, tó sì ṣí i hàn án, ibẹ̀ dáa. Bó bá ń wo òkè, ẹ ti mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ta ló ń dúró tì wọ́n? Kí dókítà tó kọ́ iṣẹ́ oorun wà níbẹ̀, kí àwọn àgbà nọ́ọ̀sì iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ síra wọn. Níbi tí ọ̀gá méjì bá ti ń jà, ọmọ iṣẹ́ ló ń fara gbá a.

Ẹ̀karùn-ún, ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ṣé ọ́síjìn wà, ṣé jẹnẹrétọ̀ ń tàn bí iná bá lọ? Ẹ̀kẹfà, mélòó ló yege ìdánwò Kánsù lára àwọn tó jáde kẹ́yìn? Èkeje, èló ni gbogbo owó rẹ̀ pátá? Kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù àti owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan, owó ilé, ìwé, aṣọ iṣẹ́ àti ti ìdánwò wà níbẹ̀.

BÍ YÓÒ ṢE WỌLÉ

Ọmọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, kó tètè lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lórí ìwé ìyọ̀ǹda, kó béèrè bóyá wọ́n á máa san owó oṣù rẹ̀ nígbà tó bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Kó má fi dúró di ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gbà á. Èyí ló ń yàtọ̀ láàárín ẹni tó kàwé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ẹni tó ń fi ebi kàwé. Kó tún láísẹ́ńsì rẹ̀ ṣe bó bá ti kú. Kí orúkọ rẹ̀ rí bákan náà lórí gbogbo ìwé. Obìnrin tó ti lọ́kọ tí orúkọ rẹ̀ yí padà, kó ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìdánwò máa ń wà, ìntáfíù máa ń wà. Kó padà sí ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀ya ara, lórí bí èémí àti ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, lórí oògùn. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tó fẹ́ iṣẹ́ yìí, kó má sọ pé owó wà níbẹ̀, kó má sì ka ohun tó há sórí. Kó sọ ohun tó ti fojú ara rẹ̀ rí nínú tíátà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kó wá ibi tó dáa ṣiṣẹ́ sí.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Kò sí alágbàtà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wa ti kó owó àjọ fún ẹnìkan tó ní òun mọ àwọn tó wà nínú, pé òun á fi orúkọ ọmọ sí i. Títí di òní, kò rí orúkọ, kò rí owó. Báǹkì ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Tí ẹnìkan bá tilẹ̀ lè fi owó wọlé, ṣé ẹ̀yin á fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kun ọmọ yín lóorun?

"WỌ́N Á SÁ LỌ SÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ"

Èyí ni àwọn kan nínú wa fi ń ta kò wá. Wọ́n ní bí a bá ran ọmọ lọ́wọ́ tán, á gbéra. A ò ní parọ́, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ló ti lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Kánsù gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí àwọn fìwé ránṣẹ́ sí òkè òkun nítorí tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó gba ìwé ẹ̀rí. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ló ń ṣe olórí iṣẹ́ oorun, wọn ò ní nọ́ọ̀sì tó ń dá a ṣe bí ti ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní wọn, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an, àmọ́ ọmọ wa máa tún gba láísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì tiwọn, kó ṣiṣẹ́ ọdún kan ó kéré tán lọ́dọ̀ àwọn tí àìsàn wọn le koko, kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Láti 2022, oyè dókítọ́réètì ni àwọn tó ń wọlé ń kà jáde níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí oṣù 18 ti ibí ò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá rí i pé ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí nílé, ilé gan-an ló ti máa fi ṣe é. Ọmọ tó bá jẹ́ pé òkè òkun nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ sọ fún un kó tó ná owó.

OWÓ ŃKỌ́?

Ohun tí a fẹ́ gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò rèé. Kí ẹgbẹ́ ya owó kan sọ́tọ̀ nínú kọ́pùrétíìfù wa, kí a máa yá ọmọ ọlọ́jà kan lọ́dọọdún, láìsí èlé. Kí owó ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ lọ tààrà sí báǹkì ilé ẹ̀kọ́. Kí onídùúró méjì wà láti inú ọjà bí a ti ń ṣe fún ẹ̀yáwó yòókù. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà lẹ́yìn tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ọmọ ẹlòmíràn lè rí i yá.

Àwọn kan ní kí a jẹ́ kó búra pé Ọ̀yọ́ tàbí Ọgbómọ̀ṣọ́ nìkan ni yóò ti ṣiṣẹ́. A ò sí lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ kì í ṣe ewúrẹ́ tí à ń so mọ́ ìdí igi. Gbèsè nìkan ni kó san. Bí iṣẹ́ bá wà fún un nítòsí, tí owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé déédéé, kí ni yóò lé e lọ? Ìjọba ló yẹ ká sọ ìyẹn fún, kì í ṣe ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ó ní owó ò sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka aṣọ ẹbí tó wà nínú àpótí yín. A ò ní kí ẹ má ṣe fàájì. A ní kí ẹ yọ ti ẹyọ kan lọ́dún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tí kò bímọ nọ́ọ̀sì náà kó dá sí i, nítorí ẹni tó máa sùn lórí tábìlì tíátà ò tíì mọ ara rẹ̀ lónìí. Ó lè jẹ́ ọmọ wa, ó lè jẹ́ àwa gan-an.

Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó mú un wá sí ìpàdé. A ṣe tán láti gbọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ohun tí yóò gbé wa dé orí tábìlì náà. Bó bá sì di dandan, kí ẹni tó máa kùn wá lóorun jẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ yanjú, kí á sì jí padà wá bá ọjà wa.